Ẹ Bi Àǹtí Ọlọ́jà: Àwọn Tó Fẹ́ Lọ Kọ́ Bísínẹ́ẹ̀sì Lókè Òkun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ètò pàṣípààrọ̀ ló sì gba iwájú nínú ẹ̀, ìyẹn àwọn ètò tí wọ́n fi ń mú oníṣòwò láti ọ̀dọ̀ wa lọ wo bí ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń ṣe é nílùú ẹlòmíì. Mo mú mẹ́rin. Èkíní gùn, mi ò sì gé e, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ kan ọ̀pọ̀ èèyàn.

*

Àǹtí Ọlọ́jà, ẹ kúuṣẹ́ mà. Béékárì ni mo ní ní Ṣómólú, bàbá mi ló dá a sílẹ̀, nígbà tí ara wọn ò gbé e mọ́ ni mo gbà á. À ń yan búrẹ́dì tó ẹgbẹ̀rún kan lóru, àwọn tó ń kiri á ti wá gbé tiwọn kílẹ̀ tó mọ́, a tún ń kó fún àwọn ìyá ẹlẹ́wà àti àwọn mallam onítíì láti Bàríga títí dé Fádèyí. Ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì tí mo wà ní àdéhùn kan pẹ̀lú àwọn oníbúrẹ́dì ní Jámánì, wọ́n sì ti mú orúkọ mi pé kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú béékárì kan níbẹ̀ kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì wọn, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ọ̀kan nínú wọn á wá sọ́dọ̀ tèmi náà. Wọ́n á sanwó báàlù, wọ́n á fún mi níbi tí mo máa sùn. Ìyàwó mi ní kí n lọ. Àbúrò mi ní mi ò gbọ́dọ̀ lọ, ó ní búrẹ́dì wọn le koko, ta ló fẹ́ rà á ní Ṣómólú? Èmi náà ń rò ó pé kí ni mo fẹ́ kọ́ níbi tí iná kì í ti í lọ, tí owó fúláwà kì í fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló sì máa dúró ti béékárì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi òwe oko bàbá ẹlòmíì dá mi lóhùn o, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti pa á fún mi tán.

Oníbúrẹ́dì, Ṣómólú

*

Oníbúrẹ́dì wa, mo ti gbọ́, mi ò ní pa á.

Ẹ lọ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa lọ wò fún yín, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ tó lọ irú ètò yìí, fọ́tò ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n á dúró síwájú ófùn ńlá, wọ́n á yà á, wọ́n á gbé e sí status, wọ́n á béèrè iye tó jẹ́, wọ́n á fi náírà ṣírò ẹ̀ nínú orí, wọ́n á mí kanlẹ̀, ó tán nìyẹn. Ófùn yẹn ò kàn yín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan, ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí búrẹ́dì kan ná wọn kí wọ́n tó fi owó lé e. Ìyẹn ò gba iná ìjọba, kò sì gba dọ́là.

Èmi náà ti wọ irú béékárì bẹ́ẹ̀ rí, ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì, béékárì ìdílé, bàbá kan àti ọmọbìnrin ẹ̀ ló ń ṣe é. Kò sí nǹkan tó ń wọ inú míkísà wọn tí wọn ò kọ́kọ́ gbé lé òṣùwọ̀n. Omi pàápàá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni, wọn kì í fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bù ú. Nínú ìwé wọn, fúláwà ni 100 ní gbogbo ìgbà, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo nǹkan tó kù: iyọ̀ nǹkan bíi 2, omi 60 tàbí kó lé, yíìsì iye báyìí, ó parí. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe báàgì mẹ́ta dípò ẹyọ kan, ẹnì kan ò ní máa pariwo pé fi díẹ̀ sí i, ó ti tó, rárá kò tíì tó. Wọ́n á kàn sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọṣẹ́ tó dé láìpẹ́ lè po tiẹ̀ kó sì dà bíi ti ọ̀gá, torí ọgbọ́n yẹn ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ti wà nínú ìwé. Ní tiwa ńkọ́? Ọjọ́ tí ẹni tó ń po búrẹ́dì bá lọ sílé ìyàwó, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ lẹ́nu.

Ọmọbìnrin yẹn ń gé dóò lórí tábìlì, ó ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí síkéèlì, èyí tó bá fi gíráàmù mẹ́wàá lé, á já a kúrò. Mo ní kí ló dé, kí ni gíráàmù mẹ́wàá jẹ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó mú bírò, ó ṣírò ẹ̀ fún mi lára páálí ṣúgà. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣe é. Ká ní ọmọ tó ń gé dóò lọ́dọ̀ yín ń fi ojú wọ̀n ọ́n, tó wá ń fi gíráàmù 20 lé orí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹgbẹ̀rún kan búrẹ́dì, kílò 20 dóò ló lọ yẹn. Tí dóò búrẹ́dì yín kan bá jẹ́ gíráàmù 500, búrẹ́dì 40 lẹ fi ṣe sàárà lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, kọ́sítọ́mà ò sì mọ̀, kò sẹ́ni tó máa kí yín pé ẹ ṣeun. Ẹ sọ ọ́ di oṣù kan kẹ́ ẹ rí i. Síkéèlì tó máa dá a dúró, ẹ lè rà á ní Ìdúmọ̀tà.

Lára ògiri wọn, pátákó funfun kan wà níbẹ̀. Iye búrẹ́dì tó ṣẹ́kù lánàá ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti bóyá òjò rọ̀. Bàbá yẹn ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí iye tí wọ́n máa yan lóru àfi tó bá wo pátákó yẹn tán. Èyí tó ṣẹ́kù náà ní ibi tó ń lọ, àwọn oníbúrẹ́dì míì máa ń kó o fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tafel, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ní 1993, wọ́n ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu. Ní tiwa, tí oníkiri bá dá búrẹ́dì padà, a máa ń sọ pé ọjà ò yá lónìí, àá tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá fẹ́, a ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀, tó bá di alẹ́ a tún yan iye kan náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ra pátákó.

Ìdí tí wọ́n fi ń wọn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ ni pé owó òṣìṣẹ́ ń ta wọ́n lára. Òfin wọn ní láti January 2026, owó iṣẹ́ wákàtí kan ò gbọ́dọ̀ kéré sí euro 13.90. Ẹni tó bá jókòó dúró de míkísà fún ìdajì wákàtí, wọ́n mọ iye tó jẹ́. Owó tiwa ò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ ká máa kà á, àmọ́ tí ọmọ mẹ́jọ bá jókòó ti míkísà kan, tí gáàsì ń jó, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù, owó yín náà ni.

Nǹkan míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí dáadáa ni ìkọ́ṣẹ́ wọn. Ní Jámánì èèyàn ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó lọ ṣí béékárì, wọ́n á béèrè ìwé ọ̀gá lọ́wọ́ ẹ̀, Meister ni wọ́n ń pè é, tí kò bá ní in, kó wá ẹni tó ní in mọ́ra. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì á lo ọdún mẹ́ta, á lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọjọ́ kan tàbí méjì nílé ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò àti ìmọ́tótó. Tó bá tó àkókò ìdánwò, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣètò ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ ò lè sọ pé òun ò tíì fẹ́ kó lọ. Ọ̀gá ló sì ń sanwó fún ọmọṣẹ́ o! Ọ̀dọ̀ wa níbí, òbí ọmọ ló ń sanwó, ọmọ á tún fọ mọ́tò, á gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá lọ sílé ìwé, ọjọ́ tó bá wu ọ̀gá ló máa gba fúrídọ̀ọ̀mù. Mi ò sọ pé tiwa burú. Inú ìkọ́ṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọjà tó wà ní Èkó ti jáde, ẹ wo àwọn ará wa Íbò ní Aláàbà, ọmọ tó bá sìn ọ̀gá ẹ̀ tó parí, ọ̀gá á fún un lówó kó fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ńlá ló ń wá kọ́ nípa ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ yín, ṣé ó wà ní kíkọ níbì kan? Àwọn ọmọṣẹ́ ọ̀hún ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sí, ọ̀gá á sì buwọ́ lù ú. Ẹ ní kí wọ́n fi han yín, ẹ yà á ní fọ́tò. Ìyẹn ni fọ́tò tó wúlò.

Ọ̀pọ̀ nǹkan á wà níbẹ̀ tí ò ní bá yín mu, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Búrẹ́dì dúdú oní rye yẹn, òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ìyá ẹlẹ́wà ò ní gbà á lọ́wọ́ yín kódà tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo ètò owó wọn náà, orí kí kọ́sítọ́mà san kó tó jẹ ni wọ́n gbé e kà, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí mallam gbé búrẹ́dì ogún láàárọ̀ kó ní ẹ padà wá lálẹ́. Èyí lẹ máa kọ́ àwọn náà, ṣebí pàṣípààrọ̀ ni. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe ń ta ẹgbẹ̀rún kan búrẹ́dì lóòjọ́ láìní sọ́ọ̀bù kan, lórí àwọn èèyàn, nínú wíìbárò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo ti rí i tí àwọn òyìnbó la ẹnu sílẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́.

Ẹ tún sọ fún àbúrò yín pé búrẹ́dì tó ń fi ẹnu pọ́n yìí, àjèjì ló gbé iṣẹ́ ẹ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Amos Shackleford, ará Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí ní 1913, òun ló dá béékárì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta ní 1921 títí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Àwa la sọ ọ́ di ti Agége.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ tiyín sílẹ̀ láti alẹ́ òní. Báàgì fúláwà mélòó, búrẹ́dì mélòó ló jáde nínú ẹ̀, mélòó ló jóná, mélòó ló padà wá, ta ló jẹ yín lówó, èló ni dísù. Ìwé ọgọ́rin ojú ewé ti tó, ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tí bàbá oníbúrẹ́dì yẹn máa kọ́kọ́ bi yín ni pé èló ni búrẹ́dì kan ń ná yín kẹ́ ẹ tó tà á. Tẹ́ ẹ bá dá a lóhùn pé ó ṣáà wà níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mú yín lọ wo ófùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé ìwé yín jáde, ẹ̀yin méjèèjì máa jókòó ti ìwé yẹn, ẹ ó sì gbàgbé pé ẹ̀ ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bi òun náà nípa ọdún tí nǹkan le fún un jù, ohun tó kọ́kọ́ gé kúrò, ẹni tó kọ́kọ́ sanwó fún. Wọn kì í sọ ìyẹn fún ẹni tó bá wá ṣe ìbẹ̀wò ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ń mú un jáde.

Ní ti ẹni tó máa dúró: ìyàwó yín tó ní kẹ́ ẹ lọ yẹn, ṣé ó mọ ẹni tẹ́ ẹ ti ń ra fúláwà, ṣé ó mọ èyí tó ń gba àwìn nínú wọn? Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó sílé kẹ́ ẹ tó wọ báàlù, ẹ pa fóònù, kí òun àti àgbà ọmọṣẹ́ yín ṣe é. Ibi tó bá ti já, ẹ tún un ṣe. Ẹni tó ń ka búrẹ́dì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbowó. Àbúrò yín tó ní kẹ́ ẹ má lọ, èmi ò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ o, èrò tèmi nìyẹn.

Físà: èyí tí wọ́n ń pè ní Schengen ò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ inú ẹ̀. Owó ẹ̀ jẹ́ euro 90, ẹ ó sì ra ìnṣọ́ránsì ìlera tó bo euro 30,000. Ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín dáadáa, torí lójú wọn ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn wá wo iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kó wá ṣiṣẹ́ gbowó. Tí ẹnikẹ́ni bá yọ́ sọ fún yín níbẹ̀ pé ẹ wá bá òun ṣiṣẹ́ ní Sunday kí òun fún yín ní nǹkan, ẹ kọ̀.

*

Ẹ káàárọ̀ mà. Akọka ni mo wà, ọdún yìí ni mo máa parí ní yunifásítì, mo sì ń ta wíìgì lórí Instagram. Bọ̀dá kan ní ọ́fíìsì ní Yábàá, wọ́n ní àwọn ní ètò lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ nípa bísínẹ́ẹ̀sì, ìjọba ibẹ̀ ló ń ṣe é, fọ́ọ̀mù ẹ̀ jẹ́ ₦400,000, ààyè méjì ló sì kù. Wọ́n fi lẹ́tà kan tó ní àmì ẹyẹ idì hàn mí. Màmá mi fẹ́ lọ kó owó àjọ wọn. Ṣé kí wọ́n lọ kó o mà?

Oníwíìgì, Akọka

*

Ọmọ mi, sáré pe màmá ẹ kí wọ́n fi owó wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ.

Ààyè méjì ló kù! Tó bá jẹ́ dánfó ni, mo lè gbà. Ètò ìjọba kì í ní ààyè méjì tó kù, déètì tí fọ́ọ̀mù máa tì ló máa ń ní, déètì yẹn á sì wà ní gbangba tí gbogbo èèyàn lè rí i. Àmì ẹyẹ idì náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà.

Jẹ́ kí n sọ àwọn èyí tí mo mọ̀ fún ẹ kó o fi mọ irọ́ yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mandela Washington Fellowship, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2014, àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 25 sí 35 ni wọ́n fi lọ́lẹ̀ fún, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní yunifásítì kan níbẹ̀, apá kan nínú ẹ̀ sì wà fún oníṣòwò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ètò ìjọba máa ń yí tí ìjọba bá yí, nítorí náà ojú ewé ẹ́ńbásì ni kó o ti wo bóyá ó ṣí lọ́dún tó o bá fẹ́ lọ, má gba ti WhatsApp gbọ́. Òmíràn wà, IVLP, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pe èèyàn wá ṣe ìbẹ̀wò, ó ti wà láti 1940, ìyẹn ò tiẹ̀ ní fọ́ọ̀mù rárá, ẹ́ńbásì fúnra ẹ̀ ló ń yan ẹni tó bá fẹ́ mú. Ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀mù IVLP fún ẹ, ohun tí ò sí lórí ilẹ̀ ayé ló ń tà.

Ti Jàpáàn ni ABE Initiative, wọ́n kéde ẹ̀ ní 2013 níbi ìpàdé TICAD, ìyẹn ìpàdé Jàpáàn àti ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n ṣe ní Yokohama, másításì ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á sì lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ àwọn ará Jàpáàn. Ìyẹn dìgbà tó o bá ti gba digírì. Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà láti 1983, másításì ọdún kan lòun náà, wọ́n á béèrè ọdún méjì tó o ti ṣiṣẹ́, o sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan tún ń ta Erasmus for Young Entrepreneurs káàkiri Èkó, ètò yẹn dára gan-an, èèyàn á lọ gbé lọ́dọ̀ oníṣòwò tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti oṣù kan sí mẹ́fà, àmọ́ Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wà fún. O gbọ́?

Èyí tó lè gba owó lọ́wọ́ ẹ tí kì í ṣe gbájúẹ̀ ni AIESEC, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà láti 1948, wọ́n máa ń mú àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 30 lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ ibòmíì. Wọ́n máa ń sọ owó wọn ní gbangba, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní àwọn yunifásítì wa. Béèrè wọn nínú ọgbà, bá àwọn tó ti lọ tó ti dé sọ̀rọ̀, wọn ò ṣòro rí. Béèrè ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ gan-an, torí èèyàn lè lọ kó lọ máa jókòó.

Èrò tèmi nípa ẹ nìyí, kò dùn létí: o ò tíì tó lọ. Wíìgì tó ò ń tà, ṣé o mọ èwo nínú ẹ̀ ló ń mówó wọlé, èwo ló ń jókòó sínú ọ̀rá? FATE Foundation tí Fọlá Adéọlá dá sílẹ̀ ní 2000 wà ní Èkó níbí, iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké. Tony Elumelu Foundation náà bẹ̀rẹ̀ ètò tiẹ̀ ní 2015, $5,000 ni wọ́n fi ń ran ẹni tí wọ́n bá mú lọ́wọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni. Lọ jókòó sí ọ̀kan nínú wọn. Tó bá di pé ó tó àkókò àtilọ sókè òkun, ìwọ náà á ní nǹkan tí wàá kọ sínú fọ́ọ̀mù.

*

Àǹtí wa, ẹ kú ìtọ́jú wa o. Sàlúùnù ni mo ní ní Sùúrùlérè. Mo lọ sí Jàpáàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìpẹ́ yìí, wọ́n kọ́ wa ní kaizen, mo gbádùn ẹ̀ débi pé mi ò lè sùn. Nígbà tí mo dé, mo lẹ páálí mọ́ gbogbo dírọ́ọ̀, mo ní ká máa ṣe ìpàdé ní aago méje àárọ̀, mo kọ òfin tuntun mọ́ ògiri. Ní báyìí, Madam Tokyo ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, méjì nínú àwọn ọmọ mi tó mọ irun dì jù sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú wa. Ṣé Nàìjíríà ò gba nǹkan tó dáa ni?

Onídìrí, Sùúrùlérè

*

Madam Tokyo, ẹ má bínú, orúkọ yẹn dùn.

Nàìjíríà ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ gbé e gba ẹ̀yìn. Kaizen tí wọ́n kọ́ yín, àtúnṣe kékeré ni, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹ̀ ń gbọ́ nípa Toyota, nínú ilé iṣẹ́ wọn, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ lè fa okùn kan tó bá rí i pé nǹkan ò lọ déédéé, àwọn tó jù ú lọ á sáré wá, iṣẹ́ tiẹ̀ lè dúró pátápátá, kò ní kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè. Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin nìkan lẹ fa gbogbo okùn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ ká òfin ògiri yẹn kúrò. Ìpàdé aago méje, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ yẹn ti ń bọ̀? Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìyànà Ìpájà ti jí ní aago mẹ́rin nìyẹn, ẹ ò sì fi owó mọ́tò kún un. Ẹ lọ bá ọmọ tó kéré jù, èyí tó ń fọ irun tó ń gbálẹ̀, nígbà tí sọ́ọ̀bù bá dá, ẹ ní kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù níbí? Kò ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rù yín ń bà á. Ẹ padà. Ó lè ní wíwá táwẹ́ẹ̀lì ló ń gba òun lákòókò, pé kọ́sítọ́mà á ti fi orí tútù jókòó kí òun tó rí ọ̀kan. Ẹ ní báwo ló ṣe fẹ́ ká ṣe é? Ohun tó bá sọ, ẹ ṣe é lọ́jọ́ kejì gan-an, kódà tí kò bá jọ èyí tẹ́ ẹ rí ní Jàpáàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀ pé òun ló mú un wá. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe irú ẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn náà á máa wá sọ fún yín.

Àwọn méjì tó lọ, ẹ pè wọ́n. Ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà o, ẹ kàn béèrè ohun tó lé wọn lọ, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán.

*

Àǹtí Ọlọ́jà, léèsì ni mò ń tà ní Balógun. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ sí ìpàtẹ ọjà Guangzhou ní China lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ní a máa kọ́ nípa bísínẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ dá mi lóhùn ní ṣókí.

Ìyá Aláṣọ, Balógun

*

Ẹ̀yin ìyá wa, ìpàtẹ yẹn ti wà láti 1957, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ọjà lẹ máa rà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jókòó kọ́ yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà ní Balógun ṣáájú yín bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń lọ sí Lustenau ní Austria láti àwọn ọdún 1960, tí wọ́n ń jókòó ti àwọn tó ń ṣe léèsì níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ irú òdòdó tí ará Èkó máa fi ṣe ìnáwó àti àwọ̀ tó máa lọ. Irú ẹ̀ lẹ lè ṣe ní China: ẹ yan ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ìpàtẹ, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye yáàdì tó kéré jù tí wọ́n lè gbà láti ṣe fún yín. Tí ẹgbẹ́ yín bá sì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ti April, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi sí apá kìíní nínú apá mẹ́ta tí ìpàtẹ yẹn pín sí, ẹ̀rọ àti nǹkan oníná lẹ máa bá níbẹ̀. Apá kẹta, tó máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ May, ni aṣọ wà.